Ilẹ̀ Tí Ogun Jà Sí: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Pápá Ogun Àtijọ́

Bí ogun bá parí, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí ọkàn ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni pé kí òun padà sí oko òun. Ó ní ebè tí yóò kọ, ó ní ògiri tí yóò tún mọ, ó sì ní ọmọ tí yóò bọ́. Kò sí ẹni tí ó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ kan náà tí ó fẹ́ gbin àgbàdo sí ni ọmọ ẹlòmíràn kú sí. Ìyá ọmọ náà, àti àwọn ìbátan tí a kò tí ì bí nígbà náà, yóò fẹ́ mọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ta ni kí a wá fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún, òkú ni tàbí alààyè? Ìbéèrè yìí ni ó wà ní ìdí gbogbo ìsapá tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe láti dá pápá ogun àtijọ́ sí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó mú ṣe àpẹẹrẹ lónìí, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún ohun tí ó lé ní 160 ọdún, àṣeyọrí wọn pọ̀, àṣìṣe wọn náà kò sì kéré.

Láàárín ọdún 1861 sí 1865 ni àwọn ará Àríwá àti àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà bá ara wọn jà. Ìdí ogun náà kò fara sin. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù ya kúrò lára ìjọba àpapọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kan oko ẹrú wọn, níbi tí nǹkan bí 4 mílíọ̀nù ènìyàn dúdú ti ń ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1863, ọmọ ogun ìhà méjèèjì pàdé ní Gettysburg, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 2,400 lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jà. Nígbà tí ìró ìbọn dákẹ́, nǹkan bí 51,000 ọmọ ogun ni ó ti kú, tàbí tí ó fara gbọgbẹ́, tàbí tí a mú lẹ́rú ogun, tàbí tí a kò rí mọ́.

Àwọn kan wà ní ìlú náà tí ogun yìí bá lọ́nà tí kò bá àwọn aládùúgbò wọn. Àwọn ni ènìyàn dúdú tí wọ́n jẹ́ òmìnira. Bí ọmọ ogun Gúúsù ti ń bọ̀, wọ́n ń kó irú àwọn wọ̀nyí lọ sí oko ẹrú, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn sá kúrò nílé. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sá ni Basil Biggs, àgbẹ̀ tí ó ń fi oko rírò bọ́ ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ó bá oko rẹ̀ ní bíbàjẹ́, àwọn ọmọ ogun ti sọ ilé tí ó ń gbé di ilé ìwòsàn wọn. Lẹ́yìn náà ni a gbé iṣẹ́ kan lé òun àti àwọn ènìyàn dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́: kí wọ́n hú òkú àwọn ọmọ ogun Àríwá jáde nínú kòtò tí a ti sáré sin wọ́n sí, kí a lè tún wọn sin pẹ̀lú ọlá. Ohun tí ó lé ní 3,000 òkú ni wọ́n fi ọwọ́ wọn gbé. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1863, Ààrẹ Abraham Lincoln wá sí ibi ìsìnkú tuntun náà, ó sì sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀rọ̀ náà ni gbogbo ayé ń rántí títí di òní. Àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀ náà kò ní ẹni púpọ̀ tí ó rántí orúkọ wọn.

Ṣùgbọ́n ibi ìsìnkú kọ́ ni pápá ogun. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí kedere ni agbẹjọ́rò kan ní ìlú náà, David McConaughy. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1863, kí ilẹ̀ tó gbẹ, ó dá a lábàá pé kí a ra àwọn òkè àti pápá tí ìjà ti le jù, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ó fi owó ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1864, ìgbìmọ̀ aṣòfin Pennsylvania fi òfin dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, nígbà tí ogun kò tí ì parí rárá. Èrò McConaughy rọrùn láti lóye. Ó ní pé kò sí ohun ìrántí tí ó yẹ ju pápá ogun náà gan-an lọ, bí a bá dá a sí bí ó ti rí nígbà ìjà. Ẹni tí ó bá dúró lórí òkè náà yóò rí i fúnra rẹ̀ bí pápá tí àwọn ọmọ ogun gbọ́dọ̀ là kọjá ti gbòòrò tó lójú ìbọn. Kò sí ìwé tí ó lè fi èyí hàn án tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tún kan Basil Biggs lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti fi ohun tí ó kó jọ ra ilẹ̀ ti ara rẹ̀, igbó igi kékeré kan sì wà lórí ilẹ̀ náà. Igbó yìí ni ọmọ ogun Gúúsù dojú kọ ní ọjọ́ kẹta ìjà náà. Biggs ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn igi náà láti fi ṣe ọgbà, nígbà tí John Bachelder, ẹni tí ó ń kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀, bá a lẹ́nu iṣẹ́. Bachelder kò fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé bí àwọn igi náà bá dúró, wọn yóò mú owó tí ó ju owó igi ọgbà lọ wá fún un lọ́jọ́ iwájú. Biggs gbọ́, ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ náà ra ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún gbogbo ìjọba tí ó fẹ́ dá ohun àtijọ́ sí: ẹni tí ó ni ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá, bí a bá fi ọ̀rọ̀ yé e, tí a sì san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un, òun gan-an ni yóò di olùṣọ́.

Nígbà tí ó fi di bí ọdún 1880 sí 1890, àwọn tí wọ́n ti jẹ́ géńdé lójú ogun ti ń di àgbà. Irun wọn ń funfun, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ kí a sàmì sí ibi tí olúkúlùkù dúró sí kí àwọn tí ó lè júwe rẹ̀ tó tán. Àwọn ará Àríwá àti ará Gúúsù pa ohùn pọ̀ lórí Chickamauga, níbi tí wọ́n ti pa ara wọn lọ́pọ̀ yanturu ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1863, wọ́n sì bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí ó gba ibẹ̀. Ní ọdún 1890, ìjọba fi òfin sọ Chickamauga àti Chattanooga di pápá ogun àkọ́kọ́ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ní. Shiloh tẹ̀ lé e ní 1894, Gettysburg ní 1895, Vicksburg ní 1899.

Ẹni tí ó gbé òfin Gettysburg wá sílé aṣòfin ni Ọ̀gágun àtijọ́ Daniel Sickles, tí ọta ìbọn ńlá ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lórí pápá náà gan-an. Ìjà mìíràn ni ó mú kí òfin náà di kánjúkánjú. Ní ọdún 1893, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin fún ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń wà, kí ó lè máa gbé àwọn olùbẹ̀wò yí pápá ogun ká. Wọ́n ń fi ẹ̀tù fọ́ àwọn àpáta tí àwọn ọmọ ogun ti sá pamọ́ sí. Ìjọba ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, òun yóò gba ilẹ̀ náà, òun yóò sì san owó rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà pẹjọ́. Wọ́n ní ìjọba lè gba ilẹ̀ ènìyàn láti fi kọ́ odi tàbí ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n pé ìrántí kì í ṣe ohun tí gbogbo ìlú ń lò. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́, gbogbo adájọ́ sì fẹnu kò: dídá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí jẹ́ àǹfààní fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà ìjọba lè gbà á bí ó bá san owó tí ó tọ́. Ìdájọ́ yìí di ìpìlẹ̀ tí àwọn òfin mìíràn nípa ohun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà dúró lé lórí.

Kò yẹ kí a rò pé gbogbo ohun tí a bá fi ìfẹ́ ṣe sí pápá ogun ni ó ń ṣe é láǹfààní. Ní Waterloo, ní ilẹ̀ Belgium, níbi tí a ti ṣẹ́gun Napoleon ní 1815, ọba Netherlands nígbà náà fẹ́ bu ọlá fún ọmọ rẹ̀ tí ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Láàárín 1820 sí 1826, a mọ òkìtì ńlá kan tí ó ga tó 40 mítà, a sì gbé ère kìnnìún lé e lórí. Ṣùgbọ́n inú pápá náà ni a ti wa erùpẹ̀ rẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àwọn ọmọ ogun ti dúró sí kò rí bí ó ti rí mọ́. Kí a lè rántí ogun, a ba ojú ogun jẹ́. Ní ọdún 1914 ni Belgium wá fi òfin de kíkọ́ ilé sórí ibi tí ó kù.

Àṣìṣe ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí, oríṣi méjì sì ni. Èkíní ni ti owó. Ní Antietam, níbi tí nǹkan bí 23,000 ọmọ ogun ti kú, tàbí tí wọ́n fara gbọgbẹ́, tàbí tí a kò rí wọn mọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní 1862, ìjọba kò ra gbogbo pápá. Títì àti ilẹ̀ tóóró ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó rà. Wọ́n ní àgbẹ̀ ni ó ni ìyókù, àgbẹ̀ ni yóò sì máa ni í, kí ni a ń ná owó sí? Wọ́n gbà pé bí òní ti rí ni ọ̀la yóò rí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, títì ńlá dé, ìlú sì ń fẹ̀ wá sí oko. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé àti ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a ti fi sílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ní Chantilly, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ilé tí a kọ́ bo pápá ogun ọdún 1862 tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣẹ́ ku éékà díẹ̀. Ìbànújẹ́ yẹn wà lára ohun tí ó mú kí àwọn olùfẹ́ ìtàn dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní 1987 láti máa fi owó ra ilẹ̀.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, a fẹ́ kọ́ ọjà ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ pápá Manassas. Ilé aṣòfin dìde, ó sì fi òfin gba 542 éékà. Owó tí ìjọba san nígbẹ̀yìn ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Àwọn àgbà ní àìtètè-mú-olè ni olè fi ń mú olóko. Ilẹ̀ tí a lè rà ní owó pọ́ọ́kú nígbà tí ó jẹ́ oko, a rà á ní owó gọbọi nígbà tí ó di ilẹ̀ ọjà. Ní 1993, ilé iṣẹ́ Disney kéde pé òun yóò kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan sí ibi tí kò jìnnà sí Manassas. Àwọn òpìtàn àti àwọn ará agbègbè náà takò ó, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1994. Ní ọdún 1993 kan náà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn jábọ̀ pé nínú 384 pápá ogun tí ó ṣe pàtàkì jù, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Láti ìgbà náà, wọ́n ti rí ọ̀nà tí ó dára ju gbígba ilẹ̀ tipátipá lọ. Èkíní ni pé bí àwọn ará ìlú bá dá owó jọ láti ra ilẹ̀, ìjọba àpapọ̀ yóò fi owó tirẹ̀ kún un. Èkejì ni àdéhùn: onílẹ̀ yóò máa gbé orí ilẹ̀ rẹ̀, yóò máa roko, yóò sì lè fi í jogún fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò tọwọ́ bọ̀wé pé òun àti ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn òun kò ní kọ́ ilé tí ó lè ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹ̀tọ́ tí ó fi sílẹ̀ yìí ni a ó san owó fún, tàbí kí a dín owó orí rẹ̀ kù. Nípa báyìí, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí a mọ̀ láti 2018 sí American Battlefield Trust, ti dá ohun tí ó ju 50,000 éékà sí. Àgbàdo ń hù lórí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Òkú àti alààyè jọ ń lo ilẹ̀ náà.

Àṣìṣe kejì ju ti owó lọ, nítorí ó kan òtítọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun àtijọ́ ìhà méjèèjì jọ ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n gbà láti sọ̀rọ̀ nípa ìgboyà nìkan. Ní 1913, tí ó pé 50 ọdún, ohun tí ó ju 50,000 nínú wọn kóra jọ sí Gettysburg, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n dì mọ́ ara wọn. Ohun ẹlẹ́wà ni ìlàjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko ẹrú, tí ó dá ogun náà sílẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ka òkúta ìrántí tó 1,000 ní ilẹ̀ náà lè padà sílé láìmọ ohun tí a tìtorí rẹ̀ jà. Ní New Market Heights, nítòsí Richmond, 14 ọmọ ogun dúdú gba àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún akíkanjú nítorí ìjà ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án 1864, síbẹ̀ ibẹ̀ kò sí lára àwọn pápá tí ìjọba sáré dá sí. Ó tó òpin ọ̀rúndún ogún kí ilé aṣòfin tó sọ fún àwọn alábòójútó pé kí wọ́n máa ṣàlàyé ipa tí ìkóni-lẹ́rú kó nínú ogun náà. A ti dá ilẹ̀ sí fún 100 ọdún kí a tó jẹ́ kí ó sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ó kàn wá púpọ̀. Orílẹ̀-èdè wa kún fún ilẹ̀ tí ogun jà sí. Láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí a tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà lé lórí ní 1886, tí ó sì di 1893 kí ó tó tán pátápátá. Ìró ìbọn tí ó ń dún láàárín àwọn òkè ibẹ̀ ni ó fún ogun náà ní orúkọ. Ní Burmi, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn, ni Sultan Attahiru kú sí ní oṣù keje 1903 níwájú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú.

A kò jókòó lásán. A ti ní òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1953, ìjọba sì dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1979 fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí. Ní 1985 ni a ṣí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia, ní ibi tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀ nígbà ogun. Ó yẹ kí àwa tí a ń fi rédíò bá ara wa sọ̀rọ̀ ronú lórí èyí: ibi tí ohùn ìjà ti ń jáde rí ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọ̀ báyìí láti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú ilé ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà, pápá wà ní gbangba, pápá kì í sì í dúró de ẹni tí ó bá ń fòní-dónìí fọ̀la-dọ́la. Ọ̀nà, oko àti ilé ń pọ̀ sí i ní gbogbo ilẹ̀ wa, ó sì yẹ kí wọ́n pọ̀, nítorí àwọn ènìyàn ń pọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí a lé àgbẹ̀ kúrò. Ohun tí ìtàn Amẹ́ríkà kọ́ wa ni pé kí a tètè mọ ibi tí ó ṣe pàtàkì, kí a wọn ilẹ̀ náà, kí a bá baálẹ̀ àti onílẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí owó rẹ̀ ṣì mọ níwọ̀n, kí a sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà kí wọ́n tó wọlé sùn. Ohun kejì tí ó kọ́ wa le ju ìyẹn lọ: bí a bá dá ilẹ̀ sí, kí a má ṣe fi ìdajì ìtàn pamọ́ nítorí kí àlàáfíà lè wà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣe ni ó ń gbàgbé, ẹni tí a ṣe kì í gbàgbé. Bí ìhà kan bá dé orí pápá tí kò gbọ́ orúkọ òkú tirẹ̀, tí kò sì gbọ́ ohun tí ó fa ìjà, ogun náà kò tí ì parí lọ́kàn rẹ̀.

Bí ẹ bá ń kọjá ní ibi tí bàbá ńlá yín ti sọ pé ogun ti jà rí, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ sì fi ibẹ̀ han ọmọ tí ó bá wà pẹ̀lú yín. Bẹ́ẹ̀ ni McConaughy ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré rẹ̀: ó wo ilẹ̀ náà, ó sì mọ̀ pé bí òun kò bá sọ̀rọ̀, ìtúlẹ̀ àgbẹ̀ yóò kọjá lórí rẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀, ẹnì kankan kò sì ní mọ̀ mọ́.